Ìtọ́jú Àdírẹ́sì Àwọn Ọ̀rẹ́ Inú Lẹ́tà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ìjọ láti ẹ̀ka gbogbo, ní ọjọ́ kejì àpéjọ

Àwọn kan nínú yín ti Kánò wá, àwọn kan ti Jos àti Màídúgùrì wá. Àwọn ará Kàlábà àti Enúgu wà láàárín wa. Àwọn ará Kumasi àti Lọ́mẹ̀ sì ti la ẹnubodè kọjá kí wọ́n tó dé ibí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó kó gbogbo wa jọ láìsí ẹni tí ó sọnù lọ́nà.

Àwọn tí ó ṣètò àpéjọ yìí fún wa ní iṣẹ́ kan ṣe. Wọ́n ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè tọ́jú àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ń kọ lẹ́tà sí, kí àdírẹ́sì wọn má bàa sọnù. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa rò nínú ọkàn wọn pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, pé kò tó ohun tí a ń gbé kalẹ̀ níwájú irú ìjókòó ńlá báyìí. Àwa pẹ̀lú rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà èwe wa tí kò jẹ́ kí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ títí di òní, a ó sì sọ ọ́ fún yín láìfi ohunkóhun pamọ́.

Kí a tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní àpéjọ bí irú èyí. Ọ̀dọ́ kan láti Minna yóò bá ọ̀dọ́ kan láti Kàlábà jókòó lórí àga kan náà. Wọn yóò jọ kọrin, wọn yóò jọ jẹun, ọ̀rọ̀ wọn yóò sì wọ̀. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí awakọ̀ bá ti ń fọn fèrè, wọn yóò ya ìwé péńpé, wọn yóò gbé e lé itan, wọn yóò sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì fún ara wọn. Ìwé péńpé náà yóò wọ àpò aṣọ. Ní ọjọ́ kẹta, aṣọ yóò wọ inú omi ìfọṣọ, ọ̀rẹ́ tí a fi ọjọ́ mẹ́rin ní yóò sì bá ọṣẹ lọ. Lóde òní, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ kì í ya ìwé mọ́. Inú fóònù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n fóònù a máa bọ́ sómi, olè a sì máa jí i. Ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ ń gbà sọnù ni ó yí padà. Ọ̀rẹ́ ṣì ń sọnù.

Àwọn àgbà wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí ogún ọmọdé wọ̀nyí má mọ ibi tí olúkúlùkù wọn gbà lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn tiwa.

Òṣìṣẹ́ ojú irin ni bàbá wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ ojú irin mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ilé tí kì í ṣe tiyín ni ẹ ń gbé, ẹ ó sì kó kúrò nínú rẹ̀ nígbàkúgbà tí wọ́n bá gbé bàbá yín lọ sí ibòmíràn. Ní 1966, nígbà tí a ń lọ sí ilé-ìwé ní Minna, olùkọ́ wa mú ìwé ìròyìn kan wá sí kíláàsì, èyí tí ó tẹ orúkọ àwọn ọmọdé tí ń wá ọ̀rẹ́ tí wọn yóò máa kọ lẹ́tà sí. A yan ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ wa, tí ń gbé ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ń ta ọjà níbẹ̀ láti ìgbà tí à ń pe ilẹ̀ náà ní Gold Coast, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọmọ náà sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí i, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni ó fi fèsì, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, bàbá rẹ̀ ní kí ó fi lẹ́tà wa kọ́ èdè ilé dáadáa.

Ó ju ọdún méjì lọ tí a fi ń kọ lẹ́tà sí ara wa. A mọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀. A mọ̀ pé ó fẹ́ràn kẹ́ńkè pẹ̀lú ẹja díndín, pé kò fẹ́ràn ìṣirò, pé ó máa ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọjà ńlá Kumasi ní ọjọ́ Sátidé. Òun náà mọ aago tí ọkọ̀ ojú irin máa ń fọn fèrè wọ Minna, bí ẹni pé òun náà ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn rẹ̀.

Ní òpin 1968 a parí ilé-ìwé. Bí 1969 ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé bàbá wa lọ sí Zaria. Àdírẹ́sì ilé-ìwé ni ọ̀rẹ́ wa ní lọ́wọ́, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ní ìwé, a ní owó sítáǹpù, àdírẹ́sì rẹ̀ sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa. Ohun tí a kò ní ni ìkánjú. A ní kí a kọ́kọ́ tú ẹrù ná. Nígbà tí a tú ẹrù tán, a ní kí a kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ná, kí a lè ní ìròyìn ayọ̀ tí a ó fi ránṣẹ́. Oṣù kìn-ín-ní kọjá, oṣù kẹfà kọjá, a kò kọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ 18 November 1969, ìjọba Gánà, lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Busia, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí àṣẹ yìí bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àwọn kan nínú wọn kò sì tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà rí láti ìgbà tí a ti bí wọn. Ẹ̀yin ará wa láti Kumasi, àwọn àgbà yín lè sọ bí ọ̀sẹ̀ méjì náà ti rí: ọjà tí a tà ní ìdajì owó, gbèsè tí a kò rí gbà, ọkọ̀ ẹrù tí ènìyàn kún dé òkè.

Ọ̀rẹ́ wa kọ lẹ́tà sí wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ohun kan ṣoṣo ni ó bèèrè. Ó béèrè bóyá bàbá wa lè gbà á sílé fún ọdún kan péré, kí ó lè parí ilé-ìwé, nítorí pé ọdún kan ni ó kù fún un, bàbá rẹ̀ kò sì mọ ẹnikẹ́ni tí ó lè bẹ̀ ní Nàìjíríà bí kò ṣe àwọn ará ìlú tí òun ti kúrò láàárín wọn láti kékeré. Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé wa ní Minna. A kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí a lọ, nítorí pé a kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a fi ọwọ́ ara wa kọ lẹ́tà sí i níkẹyìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970, Kumasi ni a fi í ránṣẹ́ sí. Ó padà wá bá wa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni tí a kọ ọ́ sí ti kó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá wa ìbá gbà á. A mọ bàbá wa: ní ọdún náà gan-an, ọmọ mẹ́ta tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ni ó ń jẹun nílé wa. Lẹ́tà tí kò gbà ju owó sítáǹpù kan lọ ni ó wà láàárín ọmọkùnrin náà àti ilé-ìwé.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Ní 1981 a tún ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó lọ sí Kàdúná, a sì rí àwọn lẹ́tà àtijọ́ náà nínú àpótí páànù kan. A jókòó sílẹ̀ láàárín ẹrù, a ń kà wọ́n. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní 1967, ó sọ pé ará Ìnísà ni bàbá òun, ó sì dárúkọ agbo ilé wọn. Ọdún mẹ́rìnlá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ wa! A kò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, nítorí a rò pé Kumasi nìkan ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an a kọ lẹ́tà sí olórí agbo ilé náà ní Ìnísà, a sì kọ àdírẹ́sì tiwa sókè rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èsì dé láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ wa fúnra rẹ̀. Ìlọrin ni ó ń gbé, iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń ṣe. Kò parí ilé-ìwé. Láti inú lẹ́tà yìí ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa lẹ́tà tí ó kọ sí Minna àti ohun tí ó bèèrè nínú rẹ̀. Kò bú wa. Gbólóhùn kan péré ni ó kọ tí a kò lè gbàgbé. Ó ní, "Nígbà tí o kò fèsì, mo gbà pé o ti kú, mo sì ṣọ̀fọ̀ rẹ."

Ẹ̀yin olùfẹ́, a kò kú. A wà ní Zaria, à ń jẹ, à ń mu, ìwé àti kálàmù sì wà lórí tábìlì wa. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó wà nínú ìdààmú tí kò sì mọ ibi tí a wà, kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wa àti òkú? Èyí ni a fi ń bẹ̀ yín lónìí pé kí ẹ tọ́jú àdírẹ́sì àwọn ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ sì rí i dájú pé àdírẹ́sì tiyín tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò tí ì kú.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà tí àdírẹ́sì ń gbà kú pọ̀. Lẹ́tà kì í sábà dé ẹnu ọ̀nà ilé wa bí ó ti máa ń ṣe ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Inú àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wa ti ń gba tiwa, àpótí náà sì lè jẹ́ ti ilé-ìwé, tàbí ti ibi iṣẹ́, tàbí ti ìjọ, tàbí ti ẹ̀gbọ́n kan tí a ń gba ipasẹ̀ rẹ̀. Irú àdírẹ́sì báyìí kì í ṣe ti ènìyàn. Ti ibi tí ó wà ni. Ní ọjọ́ tí ó bá kúrò níbẹ̀, àdírẹ́sì náà kò ní tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó sì ní àpótí tirẹ̀ ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún ni. Bí kò bá san án, a ó ti àpótí náà pa, a sì lè fi í fún ẹlòmíràn.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ènìyàn kò kúrò lójú kan, ibi tí ó wà ni ó ń yí orúkọ padà. Ẹ wo Minna tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹkùn Àríwá ni à ń kọ sí ìdí orúkọ rẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà. Ní 1967, nígbà tí a pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, ó di ti North-Western State. Ní 1976, nígbà tí ìpínlẹ̀ di 19, ó di ti Ìpínlẹ̀ Niger. Láti ìgbà náà ìpínlẹ̀ ti di 21 ní 1987, ó di 30 ní 1991, ó sì di 36 ní 1996. Ọ̀pọ̀ ìlú ni kò kúrò ní àyè wọn tí wọ́n sì ti wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bákan náà ni ó rí fún àwọn aládùúgbò wa. Gold Coast di Gánà ní 1957. Bathurst ní ilẹ̀ Gambia di Banjul ní 1973. Dahomey di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Upper Volta di Burkina Faso ní 1984. Bí a bá wo ìwé àdírẹ́sì àtijọ́ lónìí, a ó rí i pé àárín àwọn ilẹ̀ tí orúkọ wọn ti lọ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa ń gbé.

Ìdààmú sì wà tí kì í kìlọ̀ kí ó tó dé. Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 títí di January 1970, ọ̀nà lẹ́tà láàárín Ìlà-Oòrùn àti ìyókù Nàìjíríà dí. Nígbà tí ó tún là, ọ̀pọ̀ ilé tí a ń kọ lẹ́tà sí kò sí mọ́. Ní January 1983, ìjọba Nàìjíríà pẹ̀lú ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí ó kó ẹrù wọn, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí a ṣe sí àwọn ará wa ní Kumasi ní 1969, àwọn ará wa láti Kumasi rí i níbí ní 1983. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì bí irú ìwọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó lè jókòó kọ àdírẹ́sì sílẹ̀. Èyí tí ó ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ni yóò gbé lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ṣe ń tọ́jú ìwé àdírẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe wa ti kọ́ wa.

Èkíní, ẹ ra ìwé kan tí ó ní ẹ̀yìn líle, kí ẹ sì fi ojú ewé kan fún ẹnì kan. Ẹ fi bírò kọ orúkọ, ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ àdírẹ́sì, nítorí orúkọ yóò dúró, àdírẹ́sì ni yóò yí padà. Orúkọ tí ẹ fi ń pe ọ̀rẹ́ yín ni kí ẹ fi tò ó. Obìnrin tí ó bá lọ sí ilé ọkọ lè yí orúkọ ìdílé rẹ̀ padà, bí ó bá sì jẹ́ orúkọ ìdílé nìkan ni ẹ fi tò ó, ẹ ó wá a tì. Ẹ kọ orúkọ ilé ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má sì pa ti àtijọ́ rẹ́.

Èkejì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́ àdírẹ́sì náà gbẹ̀yìn sí abẹ́ rẹ̀. Àdírẹ́sì tí kò ní ọjọ́ dàbí oúnjẹ tí a kò mọ ìgbà tí a sè é. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, ẹ fa ìlà méjì: ọ̀kan fún ọjọ́ tí ẹ kọ lẹ́tà, èkejì fún ọjọ́ tí èsì dé. Bí ẹ bá rí i pé lẹ́tà mẹ́ta ti lọ tí èsì kankan kò dé, ẹ má ṣe bínú sí ọ̀rẹ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

Ẹ̀kẹta, èyí sì ni a fẹ́ kí ẹ dì mú ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ má ṣe gba àdírẹ́sì kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Méjì ni kí ẹ gbà. Ọ̀kan ni ibi tí ó ń gbé. Èkejì ni ìlú rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀, tàbí ẹnì kan tí yóò máa mọ ibi tí ó wà nígbà gbogbo. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí ó ti Kánò kó lọ sí Kàlábà, tí ó ti Kàlábà kó lọ sí Lọ́mẹ̀, ẹnì kan wà ní ìlú rẹ̀ tí yóò gbọ́ bí ó bá bímọ tàbí bí ó bá ṣàìsàn. Bí àwa bá ti kọ Ìnísà sílẹ̀ ní 1967, ọdún mọ́kànlá kì bá tí ṣòfò.

Ẹ̀kẹrin, bí lẹ́tà bá dé, ẹ má ṣe ju àpò rẹ̀ nù kí ẹ tó fi àdírẹ́sì tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ wé èyí tí ó wà nínú ìwé yín. Nígbà tí ẹ̀yin bá sì ń kọ tiyín, ẹ kọ àdírẹ́sì yín sí ẹ̀yìn àpò, kí ẹ sì tún kọ ọ́ sí orí lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, nítorí pé àpò a máa ya. Ẹ kọ nọ́ńbà àpótí ketekete. Bí 1 bá dàbí 7, ìlú mìíràn kọ́ ni lẹ́tà yóò lọ, àpótí aládùúgbò ni yóò wọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Ní Nàìjíríà, ẹ fi nọ́ńbà oní-òǹkà mẹ́fà tí ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fi sí àgbègbè kọ̀ọ̀kan kún un. Àwọn ará Gánà pẹ̀lú ní àdírẹ́sì tí a ń wò lórí fóònù láti 2017. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀karùn-ún, bí lẹ́tà yín bá padà, ẹ ka ohun tí a kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rètí nù. Láti ìgbà tí a ti dá Ẹgbẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé sílẹ̀ ní Bern ní 1874 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe máa gbé lẹ́tà ara wọn, àti bí wọn yóò ṣe máa dá èyí tí kò rí olówó rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àdírẹ́sì kò pé, àṣìṣe yín ni, ẹ tún un kọ. Bí wọ́n bá ní kò wá gbà á, ó lè jẹ́ pé ó rìnrìn àjò. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún kọ. Bí wọ́n bá ní ó ti kó lọ, àkókò tó láti ṣí ojú ewé yẹn, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ìlú rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì olùkọ̀wé lẹ́yìn kò lè padà wá sọ ohunkóhun fún yín.

Ẹ̀kẹfà, bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ kó lọ, ẹ kọ lẹ́tà kí ẹ tó di ẹrù. Ìlà mẹ́ta tó: a ń kó lọ, ibí ni a ń lọ, láti ọjọ́ báyìí. Ẹ má ṣe dúró de ìròyìn ayọ̀. Àdírẹ́sì yín ni ìròyìn náà. Kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ní ibi tí ẹ ti kúrò.

Èkeje, ẹ da ìwé náà kọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé mìíràn. Ohun tí ó wà nínú fóònù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú. A kò ní kí ẹ má lo fóònù. Àwa pẹ̀lú ń lò ó, ó sì yára ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù rọrùn láti sọnù ju agbo ilé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkìlọ̀ kan kún èyí. Àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ jẹ́ ohun tí ó fi sí ìkáwọ́ yín. Ẹ má ṣe fi í fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké gba lẹ́tà nípasẹ̀ yín tàbí nípasẹ̀ ìjọ. Bí ọ̀rẹ́ inú lẹ́tà tí a kò rí rí bá sì bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ owó, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọ tí ó wà nítòsí rẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, nítorí àwọn ẹlẹ́tàn wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ìyà ń jẹ ní tòótọ́ sì wà. Àdírẹ́sì tí a tọ́jú dáadáa ni yóò jẹ́ kí a mọ èwo ni èwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yín mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tí yóò gbé lẹ́tà ẹni bí irú tirẹ̀. Síbẹ̀ ní orí kẹrìndínlógún ó kí ènìyàn tí ó lé ní ogún ní orúkọ wọn, ó sì mọ ẹni tí ìjọ wà ní ilé rẹ̀. Ìwé àdírẹ́sì wà lọ́kàn ọkùnrin náà. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú ìdè ní Róòmù, Onesiforu wá a káàkiri ìlú ńlá náà títí ó fi rí i. Kò jókòó sílé kí ó gbà pé Pọ́ọ̀lù ti kú.

Nítorí náà, ohun kan ni a ń bẹ ẹ̀ka gbogbo. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ra ìwé ńlá kan, kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ọmọ ìjọ kan bá ń kó lọ sí ìlú mìíràn, kí akọ̀wé kọ ibi tí ó ń lọ síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ó sì kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tí ó wà lọ́hùn-ún pé ẹnì kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí a bá ṣe èyí, ọmọdé tí ó bá kọ lẹ́tà ìdààmú sí Minna, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti kó lọ, lẹ́tà rẹ̀ yóò bá ẹni tí ó mọ ọ̀nà Zaria.

Kí a tó jókòó, ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ àwa àti ọ̀rẹ́ wa ti já sí. Láti 1981 a kò tún jẹ́ kí ara wa sọnù mọ́. Ní 1988, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Kàdúná fún ọdún mẹ́ta, ó sì parí ilé-ìwé rẹ̀ níbẹ̀. Èyí kò dá ohun tí ó ti kọjá padà, a kò sì jẹ́ sọ pé ó dá a padà. Ọ̀rẹ́ wa ti kó ilé nígbà mẹ́rin láti ìgbà náà. Bírò ni a fi kọ orúkọ rẹ̀, pẹ́ńsùlù ni a fi kọ àdírẹ́sì rẹ̀, ojú ewé náà sì ti fẹ́rẹ̀ lu níbi tí a ti ń fi rọ́bà pa á rẹ́.

Àwọn akọ̀wé wa dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Ẹni tí ó jókòó ti yín láti àná, ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ẹ bèèrè ibi tí ó ń gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ìlú rẹ̀ àti agbo ilé wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí awakọ̀ tó fọn fèrè.

Kí Olúwa mú olúkúlùkù dé ilé rẹ̀ ní àlàáfíà.